Ìgbésẹ̀ Karùn-ún

"Kò sí kọmpáílà."

Lẹ́tà pupa ni kọ̀ǹpútà náà fi kọ ọ́ sí Kúlúsúmù lójú, ó sì ti tó ìgbà kẹwàá tí yóò rí i láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, ó tẹ ibi tó ti ń tẹ̀ láti oṣù karùn-ún. Lẹ́tà pupa náà tún jáde. Inú bí i débi pé ó fẹ́ sunkún, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fẹ́ kí Mikail rí omijé òun.

Mikail ló ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n jókòó sí ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, níbi tó ti ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì kan lọ, ariwo àwọn ọlọ́kọ̀ ní oríta sì ń wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́, ìyẹn ò ṣeé jiyàn. Ẹnu rẹ̀ ni kò dára.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan ohun tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa?" ó bi í láìgbójú sókè.

"Ilé-ìwé ni, Bùrọ̀dá Mikail. Wọ́n ní àwọn tó ṣètò ìdíje ò ní gba kọ̀ǹpútà tó bá ṣì ń lo ètò àtijọ́. Mo wá ṣe àpúdéètì. Gbogbo nǹkan yòókù ló ń ṣiṣẹ́ o, àfi èyí tí mo fẹ́ lò gan-an."

"Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀," Mikail wí, ó sì padà sídìí fóònù tó ń tú.

Ìdíje náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Akẹ́kọ̀ọ́ kan péré ni ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́, àwọn mẹ́ta tó bá sì ṣe dáadáa jù, ilé-iṣẹ́ kan yóò rán wọn lọ sí yunifásítì títí wọn yóò fi jáde. Bàbá Kúlúsúmù ti kú. Ìyá rẹ̀ ń ta ìwé ilé-ìwé ní Bẹyẹrúnkà. Bí Kúlúsúmù ò bá rí ti ìdíje yìí mú, ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ìwé rẹ̀ yóò parí sí, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú kíláàsì wọn, òun àti Obed nìkan ló kù. Ọ̀gbẹ́ni Ọládèjì, olùkọ́ kọ̀ǹpútà, ti sọ pé ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni òun yóò mú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún wọn ni kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòṣe ohun kan ní àdúgbò. Ẹni tó ń ṣe é yóò kọ bí nǹkan ṣe rí sínú ètò ìṣàwòṣe kan, ètò náà yóò sì yàwòrán bí nǹkan náà yóò ṣe rí lọ́jọ́ iwájú. Ọkọ̀ tó ń kọjá ní oríta Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ni ti Kúlúsúmù. Omi gọ́tà Bẹyẹrúnkà ni ti Obed. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò gbọ́ ohun tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀. Ohun kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Ohun náà ni wọ́n ń pè ní kọmpáílà, òun sì ni àpúdéètì sọ di aláìwúlò.

Nígbà tí Mikail jẹun tán, tó kírun, tó sì dá oníbàárà mẹ́ta lóhùn, ó fa kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀. Ó yọ kọmpáílà àtijọ́ kúrò. Ó fi fíláàṣì gbé tuntun sí i. Ó fi ibi tí tuntun náà wà han kọ̀ǹpútà. Ó padà sínú ètò ìṣàwòṣe, ó ní kí ó máa lo tuntun náà. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni, Kúlúsúmù sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Àwòrán jáde, ó dúpẹ́, ó sáré lọ sílé.

Ilé ló ti rí i pé nǹkan ò tọ́. Ó sọ iye ọkọ̀ di ìlọ́po méjì, àwòrán ò yí padà. Ó sọ ọ́ di mẹ́wàá péré, àwòrán ò mira. Ó fi gbogbo ọjọ́ Àìkú yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò láti òkè délẹ̀, torí ó rò pé òun ni òun ṣì í. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ilé-ìwé, ó padà sí Bẹ́ẹ̀rẹ̀.

Mikail rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ pé wàá padà wá."

"Ẹ mọ̀?"

"Ìgbésẹ̀ kan ṣì kù. Àwọn ohun tí kọmpáílà àtijọ́ ti tú sílẹ̀ ṣì wà nínú fódà kan níbí. Bí o ò bá pa wọ́n rẹ́, àwọn ni ètò yẹn á máa lò. Wàá máa rí àwòrán o, àmọ́ ti àtijọ́ ni wàá máa rí." Ó pa wọ́n rẹ́ lójú rẹ̀, ọkọ̀ inú àwòrán sì pọ̀ bí Kúlúsúmù ṣe fẹ́ kí wọ́n pọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi lọ́jọ́ Sátidé?"

"Mi ò kì í kọ́ ènìyàn tán. Tí mo bá kọ́ yín tán, ta ló máa padà wá? Torí pé o padà wá ni mo ṣe fi hàn ọ́. Má lọ fi kọ́ ẹlòmíràn o."

Odidi ọjọ́ kan ni ọkùnrin yìí fi ṣòfò fún un, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún gan-an. Síbẹ̀, ó kọ ìgbésẹ̀ karùn-ún náà sílẹ̀, ó sì fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Obed bá a lábẹ́ igi tó wà lẹ́yìn yàrá kọ̀ǹpútà. Ọmọ tíṣà kan ní Àrẹ̀mọ ni Obed, ó ga, ó tín-ín-rín, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohun tó wà nínú ẹni pamọ́.

"Kúlú, kọ̀ǹpútà mi ń sọ pé kò sí kọmpáílà. Wọ́n ní o ti tún tìẹ ṣe. Jọ̀ọ́, báwo lo ṣe ṣe é?"

Ká sọ òótọ́, Obed ò ṣẹ̀ ẹ́ rí. Òun ló bá a dúró ní oríta Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ní Sátidé méjì nínú oòrùn, tó ń bá a ka ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Obed ni gbogbo olùkọ́ ń pè ní iṣẹ́ gidi. Ní oṣù kẹfà, ó ti sọ fún àwọn ará Bẹyẹrúnkà pé bí òjò ńlá bá rọ̀, ìdí àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí ni omi gọ́tà yóò dé. Òjò rọ̀, omi dé ibẹ̀ gẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ìyá Kúlúsúmù ti ń sọ ọ́ lójú ọmọ rẹ̀ pé ọmọ yẹn lọ́pọlọ. Ìlara ló mú Kúlúsúmù, kò sí orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Ó ya bébà kan, ó kọ ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní sí ìkẹrin sí i pẹ̀lú ìkọ̀wé rẹ̀ tó rẹwà. Gègé rẹ̀ wá dúró. Ó ń fojú inú wo ọjọ́ Ẹtì: Ọ̀gbẹ́ni Ọládèjì yóò ní kí Obed yí òjò padà, àwòrán ò ní yí, Obed yóò máa làágùn níwájú gbogbo ilé-ìwé. "Kò ní pa á," ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Ó ká bébà náà, ó nà án sí i.

"Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni. Ó parí síbẹ̀."

Ní Ọjọ́rú, Obed gbé dùńdú àti ata díndín wá fún un nínú bébà.

"Ó ṣiṣẹ́, Kúlú. Ọlọ́run á bá mi san án fún ọ. Mo tilẹ̀ ti kọ ìwọ̀n tuntun sí i."

"Ìwọ̀n wo?"

"Ti gọ́tà. Wọ́n ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, yanrìn wọn ti dí i dé ìdajì. Ó yà mí lẹ́nu, omi ò ga sí i rárá. Mo rò pé ó máa ga gan-an."

Kúlúsúmù mọ ìdí rẹ̀. Gọ́tà oṣù kẹfà, tó mọ́ tó sì jìn, ni kọ̀ǹpútà Obed ṣì ń rí, kò tíì rí yanrìn kankan. Ó lè sọ ọ́ níbẹ̀, kò ju gbólóhùn kan lọ.

"Bóyá gọ́tà náà jìn ju bí o ṣe rò lọ," ó wí, ó sì mú dùńdú kan sí i.

Ẹ̀bá gọ́tà yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ wà. N ò ní sọ pé kò rántí. Ó rántí, ó kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ọjọ́ Ẹtì yóò fi kọjá.

Ìyá Oníwèé ni gbogbo Bẹyẹrúnkà ń pe ìyá náà. Ní ọdún yẹn, ó ti ta yẹtí wúrà tí ọkọ rẹ̀ rà fún un kó tó kú, ó fi ra ìwé sílẹ̀ de ìgbà tí àwọn ọmọ yóò wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Ó tò wọ́n láti ilẹ̀ dé ìdajì ògiri. Inú rẹ̀ dùn sí wọn débi pé ó máa ń fọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn kó tó ti ilẹ̀kùn. Kì í pe ọmọ rẹ̀ ní Kúlúsúmù, Àmọ̀kẹ́ ló máa ń pè é láti ọjọ́ tó ti bí i. "Àmọ̀kẹ́," a máa wí, "ìwé yìí ló máa gbé wa dé ìdíje rẹ."

Lọ́jọ́bọ̀, ojú ọ̀run ṣú ní ọ̀sán. Wọ́n ti parí ìdánwò, Kúlúsúmù sì wà ní ilé-ìwé níbi tó ti ń tún iṣẹ́ rẹ̀ wò. Obed wá wo gọ́tà lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ọ̀pá tó fi ń wọ̀n ọ́n. Ìyá Oníwèé pè é.

"Obed, ọmọ mi, òjò yìí mà ń bọ̀. Ṣé kí n kó ìwé mi gòkè lọ sínú yàrá ni?"

Obed ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí ìwé ìyá náà. Ó fi òjò ńlá sí i, wọ́n sì jọ wò ó.

"Kò ní dé ẹnu ọ̀nà yín, Mà. Ìdí àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí náà ló máa dúró sí, bíi ti oṣù kẹfà."

"O ti bá mi dín iṣẹ́ kù. Ẹ̀yìn ń dùn mí tẹ́lẹ̀. Ọlọ́run á mú ọ gòkè àgbà."

Òjò náà kò tíì rọ̀ fún wákàtí kan tí omi fi kọjá mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí Kúlúsúmù sáré dé, omi ti mu ìyá rẹ̀ dé orúnkún nínú ṣọ́ọ̀bù, ó di ìwé mọ́ àyà, àwọn tó dì náà sì ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti wú, tàdáwà ń ṣàn lára wọn. Omi ń gbé àwọn kan jáde sójú títì.

"Àmọ̀kẹ́, gbà mí."

"Kí ló dé tí ẹ ò kó wọn gòkè, Màámi?"

"Obed ní kò ní dé ibí. Ó fi hàn mí nínú kọ̀ǹpútà. Ojú mi báyìí ni mo fi rí i."

Kúlúsúmù mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni ọjọ́ Ẹtì. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi," ló sọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kó ìwé tí kò wúlò mọ́.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kún lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá ilé-ìwé wà níbẹ̀, àwọn òbí náà wá. Obed ò tíì la ẹnu tí Ìyá Oníwèé fi dìde láàárín èrò. Ìwé kan tó ti wú ló gbé dání. Ó rìn lọ síwájú, ó gbá Obed létí.

"Wo ohun tí o fi ayé mi ṣe," ó wí. "Mo pè ọ́ ní ọmọ."

Obed ò gbé ọwọ́ sókè. Ọ̀gbẹ́ni Ọládèjì mú ìyá náà jókòó, ó sì kọjú sí ọmọdékùnrin náà.

"Fi òjò àná sí i, ká rí i."

Obed fi sí i. Omi inú àwòrán dúró sí ìdí àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí. Ó fi ìlọ́po méjì rẹ̀ sí i. Ibẹ̀ náà ló dúró sí. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, àwọn yòókù sì bá a rẹ́rìn-ín. Obed wo ìlà tí àwọn ọmọ kíláàsì wọn jókòó sí títí ó fi rí Kúlúsúmù.

"Kúlú, jọ̀ọ́, ṣé kò sí ohun kan tó kù tí mi ò ṣe?"

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí i. Ìyá rẹ̀ náà yíjú sí i.

"Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo kọ fún ọ," Kúlúsúmù wí.

"Má fa ọmọ ọlọ́mọ wọ̀ ọ́," Ọ̀gbẹ́ni Ọládèjì sọ fún Obed. "Àwòrán lásán lo yà, o wá ń pè é ní sáyẹ́ǹsì. Àwọn ènìyàn fi ohun ìní wọn gbọ́kàn lé ọ. Kó kọ̀ǹpútà rẹ, má sì wọ yàrá kọ̀ǹpútà mi mọ́."

Nígbà tó kan Kúlúsúmù, ó sọ ọkọ̀ di ìlọ́po méjì, àwòrán yí padà. Ó dín wọn kù, ó tún yí padà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá rẹ̀ ló pàtẹ́wọ́ pẹ́ jù, pẹ̀lú ọwọ́ tí omi ti bó. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣètò ìdíje lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn yẹn sì pa ìwé orúkọ dé.

Omi ti wọ fóònù Ìyá Oníwèé lọ́jọ́ òjò náà. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó ní kí ọmọ rẹ̀ mú òun lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Kúlúsúmù wá àwáwí, kò rí. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà Mikail, ó rí Obed lórí bẹ́ǹṣì, kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà níwájú Mikail, bébà kan sì wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó fẹ́ padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti di ọwọ́ rẹ̀ mú láti fi sọdá títì.

"Ta ló kọ èyí fún ọ?" Mikail ń bi Obed.

Obed gbójú sókè, ó rí wọn, ó sì tẹrí ba. Mikail náà gbójú sókè.

"Háà, Kúlúsúmù. Ìwọ ni, mo mọ ìkọ̀wé rẹ." Ó na bébà náà síta. "Márùn-ún ni mo fi hàn ọ́. Mẹ́rin ló wà níbí. O fa ìlà sídìí ìkarùn-ún lójú mi."

Mikail yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó ṣí fódà kan, ó pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, ó sì ní kí ètò náà yàwòrán. Omi gun àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí. Ó sọdá títì. Ó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan, ó wọlé, ó ga sí i. Ìyá Oníwèé sún mọ́ ọn, ó fi ìka kan ibẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà.

"Ibi tó dé gan-an nìyí."

"Ìyá, èmi náà pín nínú ẹ̀bi yìí," Mikail bẹ̀rẹ̀. "Èmi ló kọ́kọ́ fi ìgbésẹ̀ yẹn pamọ́ fún un. Torí kí oníbàárà lè padà wá ni mo ṣe ń ṣe é. Mi ò mọ̀ pé..."

Ìyá náà ò wò ó. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

"Nígbà tí mo wà nínú omi lọ́jọ́bọ̀, ṣé o ti mọ̀?"

"Mo mọ̀, Màámi."

"Nígbà tí mo gbá ọmọ yìí létí lánàá, tó sì bi ọ́ lójú gbogbo ayé, ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ìyá Oníwèé tú gèlè orí rẹ̀, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì, ó sì kúnlẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lórí símẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù Mikail, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí i. Kúlúsúmù pariwo, ó fẹ́ gbé e dìde. Ìyá rẹ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Obed, dárí jì mí. Èmi ni mo bí i."

"Ẹ dìde, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Omi dé ojú Obed. Nígbà tó ti gbé ìyá náà dìde tán, ó wo Kúlúsúmù. "Mo bi ọ́," ó wí.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá náà fúnra rẹ̀ ló mú ọmọ rẹ̀ lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ọládèjì. Olùkọ́ náà bẹ Obed níwájú gbogbo ilé-ìwé. Ó yọ orúkọ Kúlúsúmù kúrò, ó sì kọ̀wé pé kí wọ́n fi ti Obed sípò rẹ̀. Àwọn tó ṣètò ìdíje dáhùn pé àwọn ti pa ìwé orúkọ dé láti ọjọ́ Ẹtì. Báyìí ni ilé-ìwé wọn kò ṣe rán ẹnikẹ́ni lọ lọ́dún yẹn. Ẹni tó jí àyè náà kò rí i lò, ẹni tó ni ín kò rí i gbà padà.

Gbogbo ìsinmi ni Kúlúsúmù fi ń sá ìwé tútù sórí àpáta lẹ́bàá Màpó, tó sì ń ya wọ́n ní ewé kọ̀ọ̀kan fún àwọn alákàrà láti fi di àkàrà. Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n wúlò fún.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, mo fẹ́ sọ ọ́ kó yé yín. Bí ẹ ò bá fẹ́ kọ́ ẹlẹgbẹ́ yín ní nǹkan, ẹ sọ fún un pé ẹ ò fẹ́, yóò wá ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un ní ìdajì, tí ẹ sì sọ pé ó pé, ẹ ti pa irọ́ tí ẹ ò lè darí mọ́. Obed ni Kúlúsúmù pa tirẹ̀ fún, ìyá rẹ̀ ló sì lọ bá nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá náà kò nà án, kò sì ṣépè fún un. Ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń ra ọṣẹ fún un. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Sátidé yẹn, bó bá fẹ́ pè é láti inú yàrá, Kúlúsúmù ló ń pè é, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń pè é.